Ọkọ̀ asáré Japan ní Abidjan: Ọjọ́ orí ọkọ̀ àti ẹni tí yóò tún un rà ló ń pinnu iye rẹ̀

Ní Abidjan, "France au revoir" ni àwọn ará ìlú ń pe ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun dé, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ti dágbére fún ilẹ̀ Faransé kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé ní orúkọ tiwọn fún un. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èkó.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2018 ni tòkunbọ̀ ti di nǹkan mìíràn lójú òfin Côte d'Ivoire. Ọjọ́ náà ni àṣẹ tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣẹ náà ṣe wí, ọkọ̀ àdáni tàbí takisí àlòkù tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ju ọdún márùn-ún lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ọdún méje ni wọ́n fún ọkọ̀ akérò kékeré àti ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tóbi púpọ̀, wọ́n sì fún bọ́ọ̀sì ńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ ní ọdún mẹ́wàá.

Takisí, gbaka àti èéfín ló sábà máa ń gba iwájú nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àṣẹ yìí. Àmọ́ àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn ni ọ̀dọ́ tó ti ń tọ́jú owó fún ọdún mélòó kan, tó fẹ́ràn ọkọ̀ asáré tí wọ́n ṣe ní Japan, tí agbára rẹ̀ kò sì ká tuntun. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá kò ju mẹ́ta lọ: kí ọkọ̀ náà yára, kí owó òun tó o, kí òun má sì pàdánù púpọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá fẹ́ tà á. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ṣòro rí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdíje tó sọ ọkọ̀ Japan di ìlú-mọ̀ọ́ká

Òkìkí ọkọ̀ asáré Japan ti wà ní Côte d'Ivoire kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Láti ọdún 1978 títí di ọdún 1992, ìdíje Rallye Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Bandama, wà lára ìdíje ọkọ̀ àgbáyé. Yẹ̀pẹ̀ pupa, eruku àti ẹrẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń bá jà. Datsun Violet GT ni Timo Salonen fi gba ipò kìíní lọ́dún 1981. Björn Waldegård fi Toyota Celica gbà á lọ́dún 1983 àti 1986, Juha Kankkunen náà sì fi Celica gbà á lọ́dún 1985. Nissan 200SX ló borí lọ́dún 1988. Lẹ́yìn ìyẹn, Mitsubishi Galant VR-4 gba ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn léra wọn. Nínú ìdíje ọdún 1991 ni Kenjiro Shinozuka ti di ọmọ Japan àkọ́kọ́ tí yóò borí nínú ìpele kan ìdíje àgbáyé náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ fọkàn sí. Celica tó borí ní Abidjan kì í ṣe ọkọ̀ tó yára jù lọ láyé nígbà náà. Ní ọ̀nà Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ tí táyà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, bíi Audi, máa ń fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Côte d'Ivoire, ọkọ̀ tó bá lè dé òpin ìrìn àjò láìfọ́ ló ń gba ife-ẹ̀yẹ. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà tòkunbọ̀ Abidjan ṣe ń díwọ̀n ọkọ̀. Ẹni tó ń tajà lè máa sọ̀rọ̀ iye agbára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń rà á yóò béèrè bóyá mẹkáníìkì àdúgbò òun mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ọdún 25 ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún ní Abidjan

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ asáré Japan láti òkè òkun lè rò pé owó ọkọ̀ àtijọ́ ń lọ sókè níbi gbogbo. Òfin Amẹ́ríkà wà lára ohun tó fà á. Lọ́hùn-ún, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ààbò Amẹ́ríkà kì í rọrùn láti gbé wọlé, àyàfi tó bá ti pé ọdún 25. Ọdún 1999 ni Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Skyline GT-R irú R34, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọdún 2024 ni èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn rí ọ̀nà wọ Amẹ́ríkà. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé ni àwọn oníṣòwò ń kó wọn pamọ́. Ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ kan lè rà ní Japan nígbà kan rí wá di ohun tí olówó ń kó jọ bí ẹni ń kó wúrà.

Òdìkejì pátápátá ni ti Abidjan. Ọkọ̀ tó ń dàgbà sí i láti lè wọ Amẹ́ríkà, ńṣe ni ọjọ́ orí rẹ̀ ń tì í jìnnà sí èbúté Abidjan. R34, Supra àtijọ́ àti Corolla AE86 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1983 sí 1987, tí àwọn ọ̀dọ́ ń rí nínú fíìmù àti eré kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tó lè gba ẹnu ọ̀nà tòkunbọ̀ wọlé mọ́ nínú wọn.

Ìdíwọ́ mìíràn tún wà tí àṣẹ ọdún 2017 bá nílẹ̀. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ní Japan, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárì ọkọ̀ wọn wà. Apá ọ̀tún ni Côte d'Ivoire ń gbà. Nítorí náà, "ọkọ̀ Japan" tó ń wọ Abidjan kì í sábà wá láti Japan gan-an. Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti àwọn ìlú Lárúbáwá bíi Dubai ni ó ti ń wá. Ní Brussels, àdúgbò Heyvaert ti gbajúmọ̀ tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń ṣa ọkọ̀ jọ fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì ń gbé e gba èbúté Antwerp lọ.

Ìjọba kò ṣe òfin náà láìnídìí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín ọdún 2015 sí 2018, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló forí lé Áfíríkà. Púpọ̀ nínú wọn ni èéfín wọn pọ̀, tí bíréèkì wọn kò dára mọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé Abobo tàbí Yopougon tí yóò ní òun kò mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin tó dára lè sọ ohun àtijọ́ di ọ̀wọ́n, bí èyí sì ṣe ṣe é nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló kù

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni àwọn ọkọ̀ tó ti wọlé kí oṣù Keje ọdún 2018 tó dé. Òfin náà dí ẹnu ọ̀nà. Kò lé ọkọ̀ tó ti wà nínú ilé jáde. Subaru Impreza, Celica àtijọ́ tàbí Honda Civic tó ti ní nọ́ńbà Côte d'Ivoire ṣì lè máa rìn bí ó bá yege nínú àyẹ̀wò SICTA. Kò tún sí bí irú rẹ̀ yóò ṣe máa wọlé mọ́. Bí ọ̀kan bá ní ìjàǹbá tàbí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, iye wọn dín kù nìyẹn.

Ìbí yìí ni àwọn kan ti ń ṣìṣe. Wọ́n rò pé ohun tó bá ti ṣọ̀wọ́n ti di ọ̀wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n tí ẹlòmíràn kò wá, ẹrù lásán ni. Ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo Abidjan, kí ó sì wà ní iwájú ilé fún oṣù mẹ́fà láìrí ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò ti rí páàtì rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń rà á bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni yóò ra èyí lọ́wọ́ mi? Bí kò bá lè dárúkọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, tàbí kó tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà, ìgbádùn ara rẹ̀ ló ń rà, kí ó má pè é ní ìdókòwò.

Ọ̀nà kejì ni ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èyí ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́rin kò tíì pàdánù ohun tí ọlọ́dún mẹ́wàá ti pàdánù. Owó bodè tún wà lórí rẹ̀. Owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ní Côte d'Ivoire, orí iye ọkọ̀ pẹ̀lú owó bodè ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé owó orí ń gun owó orí. Lójú ẹni tó fẹ́ rà, ìnira ni. Lójú ẹni tó ti rà, òun náà ni ògiri tó ń dáàbò bo iye ọkọ̀ rẹ̀, torí pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò san owó kan náà kí ó tó lè gbé irú rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà ni iye tí ènìyàn ra ọkọ̀ kò fi sọ iye tí ọkọ̀ náà ná an. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán wò ó, kì í ṣe iye tó wà lọ́jà. Ẹnìkan ra ọkọ̀ ní mílíọ̀nù 12 sẹ́fà, ó tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní 9,600,000. 800,000 ló pàdánù lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkejì ra tirẹ̀ ní mílíọ̀nù méje, kò sì rí ju 3,400,000 lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó pàdánù 1,200,000 lọ́dún. Ẹni tó ra ọ̀pọ̀ ló ra ọ̀wọ́n. Àwọn ìyá oníṣòwò aṣọ ní Adjamé mọ ìṣirò yìí dáadáa lórí léèsì àti àǹkárá. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn máa ń gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

Ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò

Nígbà tí òfin bá ti sọ ọjọ́ orí di owó, àwọn kan yóò fẹ́ sọ àgbà di ọmọdé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà láyé ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ọjọ́ tó dé Abidjan. Ọjọ́ yìí gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, kí ó sì bá ohun tó wà lórí carte grise ti Côte d'Ivoire mu. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ mọ́ irin ara ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ìwé mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí àwọ̀ ibi tí nọ́ńbà náà wà bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù, ó tó ìdí láti dá owó dúró.

Ti máìlì àti kìlómítà tún wà. Ó rọrùn láti dá a padà sẹ́yìn, àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti ń wá ní àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ní Áfíríkà kì í béèrè. Ní Belgium, láti ọdún 2006 ni ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ àlòkù fún aráàlú ti gbọ́dọ̀ fi ìwé Car-Pass hàn, èyí tó ń sọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tàbí ibi àyẹ̀wò. Ní Netherlands, àjọ RDW ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ọkọ̀ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan bóyá kìlómítà rẹ̀ bá ọgbọ́n mu. Ní Faransé, ìlànà HistoVec tí ìjọba gbé kalẹ̀ ń jẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ yọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, láìgba kọ́bọ̀. Oníṣòwò tó bá ní òun kò lè rí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí lè jẹ́ olóòótọ́. Àmọ́ kí iye tí ó ń pè jẹ́ iye ọkọ̀ tí kò ní ìwé.

Fún ọkọ̀ tó ti wà nílùú, ẹ tún béèrè owó ìtanràn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọkọ̀ tó bá sáré kọjá ààlà lójú pópó Abidjan. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kámẹ́rà ń wò, kì í wo ojú awakọ̀. Ó dájú pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ asáré kì í ṣe ẹni tó ń rọra wa ọkọ̀.

Èwo ni kí ènìyàn rà?

Àwọn tó mọ ọjà yìí kì í fi ìbínú dá ìbéèrè yìí lóhùn, wọ́n á ní ó kù sí ọwọ́ ẹni tó ń rà. Síbẹ̀, tí a bá fi òfin, páàtì àti ojú ọ̀nà sínú òṣùwọ̀n kan náà, àwọn kan yóò yọ jáde.

Suzuki Swift Sport ni kò gbajúmọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.4 tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin 140 ni wọ́n fún un lọ́dún 2018, wọ́n sì dín in kù sí 129 nígbà tí wọ́n fi bátìrì ìrànlọ́wọ́ kún un lọ́dún 2020. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kò wọn tó tọ́ọ̀nù kan. Ó kéré, kò jẹ epo, ó sì yára ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ ní Abidjan ni pé Suzuki kéékèèké ti pọ̀ nílùú láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ orí fóònù bíi Yango ti dé lọ́dún 2018. Kì í ṣe gbogbo páàtì Swift lásán ló lè wọ inú Sport, pàápàá jù lọ ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì, àmọ́ gíláàsì, iná, ilẹ̀kùn àti ọ̀pọ̀ nǹkan abẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn ṣe. Owó orí ọdọọdún tó ń tẹ̀lé agbára ẹ́ńjìnnì kò sì ní wúwo lórí rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Toyota GR86 ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn díẹ̀. Toyota àti Subaru ló jọ ṣe é, ó jáde lọ́dún 2021, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4 tí kò ní tọ́bò. Àìní tọ́bò yìí ni àǹfààní rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru, nítorí pé ohun tó lè bàjẹ́ dín kù lẹ́yọ kan. Àmọ́ Subaru ló ni ẹ́ńjìnnì náà, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni, kì í sì ṣe gbogbo ẹni tó mọ Corolla ló mọ̀ ọ́n tú. Orúkọ Toyota tó wà lára rẹ̀ yóò fa oníbàárà wá. Kí ẹni tó ń rà á má rò pé orúkọ náà yóò fa páàtì wá pẹ̀lú.

Mazda MX-5 ni ọkọ̀ kékeré olórí ṣíṣí tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ láti ọdún 1989. Ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì máa ń di iye rẹ̀ mú ní Yúróòpù. Ohun tó bà á jẹ́ ní Abidjan ni òjò oṣù Kẹfà. Àwọn tó ń gbé Riviera Palmeraie kò tíì gbàgbé àgbàrá oṣù Kẹfà ọdún 2018 tó gba ẹ̀mí ènìyàn, tó sì gbé ọkọ̀ lọ bí ewé. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ni MX-5. Ní tòótọ́, ọkọ̀ asáré yòówù kí ènìyàn fẹ́ rà ní ìlú yìí, kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì wo ìdí bẹ́líìtì ìjókòó bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀.

Toyota GR Yaris, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 261 nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní Yúróòpù lọ́dún 2020, ni àrólé Celica àwọn ọjọ́ Bandama. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Tí a bá ń sọ nípa èyí tí iye rẹ̀ kì í tètè jábọ́, òun ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "owó mi tó o" ti kúrò níbẹ̀. Honda Civic Type R náà dára, àmọ́ ọjà Honda kò fẹjú ní Côte d'Ivoire bíi ti Toyota àti Suzuki tí CFAO ń tà. Ilé iṣẹ́ Toyota Tsusho láti Japan ló ra CFAO lọ́dún 2012, èyí sì jẹ́ kí ọ̀nà páàtì Toyota wà ní ìmọ́lẹ̀. Ohun tí kò bá sí ní ilé iṣẹ́, wọ́n ń wá a lọ sí àwọn ọjà páàtì àlòkù tí wọ́n ń pè ní la casse, tí èyí tó wà ní Abobo lókìkí jù. Láti mọ bí ọkọ̀ kan yóò ṣe di iye rẹ̀ mú, ó sàn kí ènìyàn lo ọ̀sán kan ní la casse láti béèrè páàtì rẹ̀ ju kí ó lo oṣù kan lórí fóònù lọ.

Sẹ́fà kì í ṣe náírà

Yorùbá tó ní ẹ̀ka ìdílé ní Èkó yóò ti gbọ́ ìtàn ẹni tó lo tòkunbọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó sì tà á ju iye tó rà á lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ọkọ̀ kọ́ ló gòkè. Náírà ló wálẹ̀. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà sọ́wọ́ ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 kọjá 700 láìpẹ́, ó sì ti ju 1,500 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹni tó ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì iye tó rà á kò lè fi owó náà ra irú rẹ̀ mọ́.

Sẹ́fà kì í mi bẹ́ẹ̀. 655.957 sẹ́fà ni wọ́n so mọ́ Euro kan, kò sì yí padà láti ìgbà tí Euro ti dé. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá di iye rẹ̀ mú ní Abidjan di í mú lóòótọ́ ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí àwọn àgbà ṣì ń rántí ni oṣù Kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n dín sẹ́fà kù sí ìdajì. Franc Faransé kan tó jẹ́ sẹ́fà 50 di 100 lóòru ọjọ́ kan, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ sì di ọ̀wọ́n. Ẹni tó ní ọkọ̀ nílé lọ́jọ́ náà dúpẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ìdí tí yóò fi ra ọkọ̀ asáré.

Bí ọkọ̀ náà bá fẹ́ rìn dé Èjìgbò ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó wà ní Côte d'Ivoire, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè ní Anago, ló jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bọ́ọ̀sì sì ń rìn láàárín ìlú méjèèjì. Fún wọn, ọkọ̀ tí ènìyàn rà ní Abidjan kì í ṣe ti Abidjan nìkan. Ọjọ́ ọdún ń bọ̀, ìgbéyàwó ń bọ̀, ilé sì ń pè.

Ibí ni òfin Nàìjíríà ti wọlé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti lò ó tàbí tà á níbẹ̀, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí àlòkù. Èbúté nìkan ni ọ̀nà. Èyí túmọ̀ sí pé Swift Sport tí owó bodè rẹ̀ pé ní Abidjan, tí carte grise rẹ̀ mọ́, lè gba Ghana, Togo àti Benin kọjá gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ arìnrìn-àjò, àmọ́ bó bá dé Sèmè, kò sí bí ẹni tó ni ín ṣe lè sọ ọ́ di ọkọ̀ Nàìjíríà lọ́nà òfin. Ó lè wà á wọlé fún ìgbà díẹ̀ bí ìwé àbẹ̀wò rẹ̀ bá pé. Kò lè tà á. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti padà sílé pátápátá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Abidjan ni kí ó ti ta ọkọ̀ náà kí ó tó di ẹrù, ìyẹn sì tún jẹ́ ìdí kan láti ra èyí tí ẹlòmíràn ní Abidjan yóò fẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù báyìí tún lè yí ọjà náà padà. Ìlànà ààbò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024 ló dá títa GR86 dúró ní ilẹ̀ náà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì péré. Honda náà ti fòpin sí Civic Type R fún Yúróòpù lọ́dún 2025. Àwọn GR86 tó kẹ́yìn tó gba nọ́ńbà ní Yúróòpù lọ́dún 2024 yóò pé ọdún márùn-ún ní 2029. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wọ Abidjan yóò máa wo ọ̀nà Amẹ́ríkà, níbi tí sítíárì ti wà lọ́wọ́ òsì tí wọ́n sì ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n tí owó ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ti dọ́là, tí sẹ́fà kò so mọ́.